Sẹ́ǹtì Kan Tó Di Ẹgbẹ̀rún Dọ́là: Inú Òǹtẹ̀ Ni Àṣìṣe Náà Wà

Ó ṣeé ṣe kí irú fídíò yìí ti wọlé sórí fóònù yín: ẹnì kan gbé owó onírin sábẹ́ gíláàsì, ó ń fi ìka tọ́ka sí ọdún tó wà lára rẹ̀, ó sì ń pariwo pé ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé ti di olówó láìmọ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ìgò tó kún fún sẹ́ǹtì kan-kan wà ní kọ̀rọ̀ ilé wọn, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dáwọ́ dúró lórí títẹ sẹ́ǹtì fún ìnáwó, kò sí iyèméjì pé àwọn tó ń tú ìgò wọn wò yóò máa pọ̀ sí i.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Sẹ́ǹtì kan wà, ti ọdún 1955, tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti ná kiri ọjà pàápàá ń lọ ní ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kéré, irọ́ tí wọ́n fi bò ó ló pọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe owó onírin ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ibẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ owó. Òǹtẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀pá irin líle kúkúrú tí àwòrán àti lẹ́tà ti wọ inú ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lódìlódì bí ẹni wo ìwé nínú dígí. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, ọ̀kan fún iwájú owó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Wọ́n á fi pẹlẹbẹ bàbà sáàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ á pa wọ́n pọ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, owó ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù yóò lóye rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ lẹ́tà sínú mọ́ọ̀dù, ara gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá jáde ni lẹ́tà náà á ti yọ. Bí lẹ́tà inú mọ́ọ̀dù bá sì wọ́, kò sí bí búlọ́ọ̀kù ṣe máa jáde tí tirẹ̀ á tọ́.

Ta ló wá ń ṣe òǹtẹ̀? Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo kò lè tẹ owó tí orílẹ̀-èdè ńlá ń ná. Ó máa ń gbó, a máa sán, wọ́n á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ohun tí a lè pè ní ìyá-òǹtẹ̀. Àwòrán ti ara ìyá-òǹtẹ̀ yọ síta gẹ́gẹ́ bó ṣe máa rí lára owó gan-an. Wọ́n á tẹ ìyá-òǹtẹ̀ mọ́ ojú irin tí kò tíì ní nǹkan kan lára, àwòrán á wọ inú irin náà, irin náà á sì di òǹtẹ̀. Ìyá kan lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ báyìí, kí gbogbo wọn sì jọra.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń wọlé, torí irin kì í ṣe ẹ̀kọ. Tí wọ́n bá tẹ ìyá-òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, àwòrán kì í wọlé tán. Bí irin náà bá ṣe ń gba ìtẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i, tí wọ́n bá sì fipá mú un, ó lè sán. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé ọjọ́un ni pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á gbé e sínú iná ìléru kí ó lè rọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá a padà sábẹ́ ìyá-òǹtẹ̀ fún ìtẹ̀ kejì. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó di dandan kí ìtẹ̀ kejì bọ́ sórí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá gbé e padà, tó yí díẹ̀ báyìí, àní bí ìbú irun orí méjì mẹ́ta, lẹ́tà kejì kò ní bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Méjèèjì á wà nínú òǹtẹ̀ kan náà, ọ̀kan á máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Àwa tí a ti ilé-kéwú jáde mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wàláà tí wọn kò fọ̀ mọ́ kí wọ́n tó kọ tuntun sí i: kíkọ àná á máa yọjú lábẹ́ tòní. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wàláà ọmọ kan ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀, omi á tún un ṣe. Bó bá jẹ́ wàláà tí àáfà kọ fún ogójì ọmọ láti dà kọ ni àṣìṣe wà ńkọ́? Ogójì wàláà ni àṣìṣe náà á dé, ibì kan náà ni yóò sì wà lára gbogbo wọn. Wàláà àáfà ni òǹtẹ̀ jẹ́.

Doubled die ni àwọn tó ń ṣa owó jọ ní Amẹ́ríkà ń pe irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì wo orúkọ náà dáadáa. Òǹtẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó di méjì, wọn kò sọ pé wọ́n tẹ owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Owó náà gba ìtẹ̀ kan ṣoṣo bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fídíò kì í sábà dúró ṣàlàyé èyí, ó sì jẹ́ ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé owó tí kò níye lórí kiri.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti ọdún 1955 yẹn. Ilé ìtẹwó tó wà ní Philadelphia ló ti ṣẹlẹ̀. Òǹtẹ̀ iwájú kan tí ìtẹ̀ kejì rẹ̀ ti yí wọ inú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, ẹ̀rọ sì ń tẹ owó lọ. Kí alábòójútó tó rí i, nǹkan bí 40,000 sẹ́ǹtì ti jáde láti abẹ́ òǹtẹ̀ náà. Wọ́n yọ òǹtẹ̀ náà kúrò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 24,000 nínú owó yẹn ti dà pọ̀ mọ́ rẹpẹtẹ sẹ́ǹtì tó dára tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tẹ̀. Kí wọ́n máa ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí kò lópin ni. Kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ padà sínú iná, òfò ńlá ni, torí sẹ́ǹtì kan-kan! Wọ́n jẹ́ kí ó lọ.

Bí àwọn ènìyàn ṣe rí i lẹ́yìn náà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà náà, owó páálí sìgá kan nínú ẹ̀rọ tó ń ta á fúnra rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 23 ní àwọn ibì kan. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju owó sẹ́ǹtì 25 lọ, kò sì lè fún oníbàárà ní ṣéńjì. Àwọn tó ń kó sìgá sínú rẹ̀ wá ń ki sẹ́ǹtì méjì bọ inú ọ̀rá tó bo páálí náà, ìyẹn ni ṣéńjì. Inú ọ̀rá sìgá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn owó abàmì náà ti yọjú. Ẹni tó ra sìgá láti fi ba ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ jẹ́ ló gba ohun tó máa di ẹgbẹ̀rún dọ́là, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ná an lọ.

Ẹni tó bá rí sẹ́ǹtì 1955 yẹn kò nílò gíláàsì. Ọdún náà di méjì kedere, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà létí iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní àléébù kankan, torí òǹtẹ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe òǹtẹ̀ iwájú. Orí Ààrẹ Lincoln tó wà láàárín kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí kò ṣòro: bí táyà kẹ̀kẹ́ bá yí díẹ̀, etí rẹ̀ ló ń rìn jìnnà, àárín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Kí ló wá dé tí àwọn àgbàlagbà tó lóye fi ń fi ọdún gbáko wá irú owó báyìí? Ìdí tó ṣe kókó ni pé àmì kan náà wà lára gbogbo owó tó ti abẹ́ òǹtẹ̀ kan jáde. Ká ní pẹlẹbẹ bàbà kan yẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí àwòrán sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun nìkan ni, irú rẹ̀ gan-an kò tún ní sí mọ́ láyé. Ó lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ènìyàn á fi wé. Ti òǹtẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Texas àti ẹni tó wà ní London lè gbé owó tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n rí ìlà kan náà ní igun lẹ́tà kan náà, kí wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Nítorí pé ó ṣeé fi wéra, ó ṣeé kọ sílẹ̀, ó ṣeé fún ní nọ́ńbà, ó sì ṣeé dá iye lé. Bill Fivaz àti J. T. Stanton kọ ìwé kan lé e lórí, Cherrypickers' Guide, tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbé lọ́wọ́ bí àáfà ṣe ń gbé tìrà. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CONECA náà ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn òǹtẹ̀ báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí mìíràn ni pé eré yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Owó wúrà àtijọ́, àfi olówó. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ aláṣìṣe lè wà nínú ṣéńjì tí wọ́n fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìmọ̀ àti ojú tó mú ni owó ìdókòwò rẹ̀. Kódà, orúkọ ìwé tí mo dárúkọ yẹn wá láti inú àṣà pé kí ènìyàn rí ohun iyebíye nínú àtẹ ẹlòmíràn tí òǹtajà fúnra rẹ̀ kò mọ̀, kí ó rà á ní iye yẹpẹrẹ.

Kì í ṣe gbogbo òǹtẹ̀ aláṣìṣe ló lówó lórí ṣá o. Ti ọdún 1995 wà, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di méjì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ, ojúlówó ni. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ náà tẹ owó tó pọ̀ kí wọ́n tó mọ̀, nítorí náà kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, àfi èyí tó bá mọ́ láìlẹ́gbẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu iye: bí ó ṣe hàn sí, bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n sí, àti iye ènìyàn tó ń wá a. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ní kọ́bọ̀ àtijọ́ nílé fi sọ́kàn. Kọ́bọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973 àti owó onírin tí a ná kí a tó gbòmìnira, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Àṣìṣe lè wà lára tiwọn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi gíláàsì wo kọ́bọ̀ kò pọ̀ rárá tí a bá fi wé àwọn tó ń wo sẹ́ǹtì, ọjà tí kò ní oníbàárà kò sì lè gbówó lórí.

Bí ẹ bá béèrè bóyá irú rẹ̀ wà lára dínárì àti dírhámù ayé àtijọ́, láti ìgbà tí Abdul-Malik ọmọ Marwan ti tẹ dínárì onílẹ́tà Lárúbáwá ní nǹkan bí ọdún 77 Híjírà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fín òǹtẹ̀, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú. Bí lẹ́tà bá di méjì lára irú owó bẹ́ẹ̀, òòlù ló bọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá ku ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ owó ni lẹ́tà rẹ̀ dà bíi pé ó di méjì, tí kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ohun tí à ń sọ. Bí òǹtẹ̀ kò bá dúró gírí nínú ẹ̀rọ, bí ó ṣe ń gbéra lẹ́yìn ìtẹ̀, á yẹ̀ díẹ̀, á sì ha etí lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá wò ó á rí nǹkan pẹlẹbẹ tó lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí àtẹ̀gùn ilé, lẹ́tà fúnra rẹ̀ á sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, torí ara rẹ̀ ni wọ́n ti ha èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú èyí pọ̀ bí yanrìn, kò sì níye lórí. Lára ojúlówó, ńṣe ni lẹ́tà ń sanra sí i. Méjèèjì á yọ síta, orí wọn á rí róbótó, àyè kékeré bí eyín ayùn á sì là ní igun lẹ́tà, níbi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì.

Òǹtẹ̀ tó ti gbó náà máa ń mú kí lẹ́tà fẹ̀, kí ó ní òjìji. Sẹ́ǹtì ọdún 1955 kan wà báyìí tí 5 tó gbẹ̀yìn nínú ọdún rẹ̀ ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, kìkì nítorí pé òǹtẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Àwọn ọlọ́jà kan fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí òǹtẹ̀ aláṣìṣe ti tálákà, wọ́n sì ń fi orúkọ náà tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Tálákà ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, òun náà ni wọ́n sì ń rẹ́ jẹ.

Èyí tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti ọdún 1969. Ilé ìtẹwó San Francisco ló tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà S kékeré sì wà lábẹ́ ọdún rẹ̀ láti fi ibẹ̀ hàn. Ọ̀kan tó mọ́ dáadáa nínú rẹ̀ ń lọ ní iye tó ju 20,000 dọ́là lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí i, àwọn òṣìṣẹ́ Secret Service, tí iṣẹ́ wọn ni láti gbógun ti ayédèrú owó, gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Kì í ṣe pé wọ́n ya wèrè. Ní àsìkò náà gan-an ni àwọn ọ̀daràn kan ń ṣe ayédèrú sẹ́ǹtì 1969 olójú méjì, èyí tí kò ní S. Ìgbà tó yá ni ìjọba gbà pé ti San Francisco kì í ṣe ayédèrú.

Lẹ́tà S yẹn ni kí ẹ máa wò. Láyé ìgbà náà, ìyá-òǹtẹ̀ kò ní S lára. Lẹ́yìn tí ìtẹ̀ kejì bá ti parí ni òṣìṣẹ́ á fi ọwọ́ mú irin kékeré kan, á sì fi òòlù lu S wọ inú òǹtẹ̀. Nítorí náà, lára ojúlówó 1969, ọdún àti ọ̀rọ̀ á di méjì, ṣùgbọ́n S á wà ní ẹyọ kan. Bí S náà bá di méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà tí ọdún di méjì sí, ìgbà ìtẹ̀ ni òǹtẹ̀ yẹ̀ nínú ẹ̀rọ, owó sẹ́ǹtì kan lásán ló sì wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ń gbé jáde nínú fídíò, ibẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí.

Láti nǹkan bí òpin ọdún 1990 sí 1999, ẹ̀rọ tó lágbára ti dé tó lè tẹ ìyá-òǹtẹ̀ wọ irin tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ènìyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Orí irin tí wọ́n fẹ́ sọ di òǹtẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó díẹ̀. Bí ìyá-òǹtẹ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ kan kàn án kí ó tó jókòó dáadáa, àmì àkọ́kọ́ á ti wọlé. Àárín owó ni irú èyí máa ń wà báyìí, kì í ṣe etí mọ́. Lára àwọn sẹ́ǹtì ọdún 2009 tó fi Lincoln hàn ní ọ̀dọ́, níbi tó jókòó lórí igi tó ń kàwé, àwọn kan wà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ọ̀kan lé sí i.

Mùsùlùmí kò ní ṣàì béèrè bóyá ó tọ́ láti ta sẹ́ǹtì kan ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Irú owó kan náà tó bá pàdé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ó sì jẹ́ lọ́wọ́-dé-ọwọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ribà ti wọlé. Owó tí ìjọba ti fagi lé, tí kò ṣeé ná mọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kà á sí ọjà lásán. Ṣùgbọ́n sẹ́ǹtì 1955 ṣì jẹ́ owó lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà títí di òní, ibẹ̀ ni èrò sì ti yàtọ̀. Àwọn kan ní owó ni, kí wọ́n má fi dọ́là tó lé sí i rà á. Àwọn mìíràn ní ohun ìtọ́jú ló ti dà, kò sẹ́ni tó ń rà á láti fi ná. Kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ bi àáfà rẹ̀ kí ó tó gba owó, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti ná an tán. Èyí tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé kí ènìyàn mọ̀ pé òjìji òǹtẹ̀ gbígbó ló wà lára owó, kí ó wá fi orúkọ òǹtẹ̀ aláṣìṣe tà á. Ẹ̀tàn pátápátá nìyẹn.

Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ fura sí, ẹ fi gíláàsì tó lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wò ó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dára, kí ẹ fi wé àwòrán ojúlówó. Bí ó bá bá a mu ní gbogbo igun, àwọn iléeṣẹ́ bíi PCGS àti NGC wà ní Amẹ́ríkà tó ń yẹ owó wò, tí wọ́n sì ń dì í sínú ike pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gba owó iṣẹ́, torí náà ẹ má fi ìgò odindi ránṣẹ́. Kí àwọn ọmọ tó wà nílé má sì fi ọṣẹ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè máa dán, torí owó tí wọ́n bá ti fọ̀ báyìí, ìdajì iye rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè ti bá omi lọ.